Ewu Ọjọ́ Pípẹ́ tí Eruku Asbestos Ń Fà fún Ọmọdé: Ẹ̀kọ́ láti Armley ní Ìlú Leeds

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìwà ọmọ ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ìlera náà mu. Àwọn àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà èwe ni okùnfà wọn ti ń wọ ara, tí wọn kì í sì í yọjú títí ẹni náà yóò fi di ìyá tàbí baba àgbà. Ọ̀kan pàtàkì lára wọn ni àwọn àrùn tí eruku asbestos ń fà.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí asbestos jẹ́, bí eruku rẹ̀ ṣe ń ba ara jẹ́, àti ìdí tí ọmọdé tí ó bá fà á símú fi wà nínú ewu ju àgbàlagbà lọ. Àpẹẹrẹ tí àlàyé náà dúró lé ni ti Armley, àdúgbò kan ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí eré ọmọdé ti di ẹjọ́ ní 1995. Lẹ́yìn èyí ni ó yẹ ojúṣe olùkọ́ wò, nítorí pé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ ti ń lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé èwe rẹ̀.

Ohun tí Asbestos Jẹ́

Asbestos kì í ṣe ohun tí ènìyàn dá. Inú àpáta ni wọ́n ti ń wà á gẹ́gẹ́ bí a ti ń wa àwọn àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ yòókù. Ohun tí ó mú kí ó yàtọ̀ ni pé ó máa ń ya sí fọ́nrán-fọ́nrán bí òwú. Ẹ̀yà mẹ́fà ni ó ní, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ jù nínú òwò: èyí tí ó funfun, èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù àti èyí tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀. Iná kì í jó o, kì í jẹrà, kì í jẹ́ kí ooru kọjá, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Nítorí èyí, ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n fi wé páìpù omi gbígbóná, wọ́n fi ṣe bíréèkì ọkọ̀, wọ́n sì pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe òrùlé, síílìn àti páìpù.

Ní Nàìjíríà, òrùlé àti síílìn tí a fi asbestos pò mọ́ sìmẹ́ńtì ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ náà ti mọ́ síílìn lára débi pé àwọn mìíràn ń pe síílìn èyíkéyìí ní asbestos, ìbáà ní asbestos nínú, ìbáà má ní. Èyí gba àkíyèsí, nítorí pé ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin síílìn tí ó ní in àti èyí tí kò ní in. Àyẹ̀wò inú yàrá ìwádìí nìkan ni ó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bí Eruku náà Ṣe Ń Ba Ara Jẹ́

Nígbà tí asbestos bá wà nínú sìmẹ́ńtì tí ó le, tí kò sì fọ́, fọ́nrán rẹ̀ kì í sábà jáde. Ìgbà tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n lu ú, tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, tàbí tí ó bá gbó tí ó ń rún, ni eruku rẹ̀ ń dìde. Àwọn fọ́nrán inú eruku yìí tín-ín-rín ju irun orí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Ojú kò rí wọn, imú kò gbọ́ òórùn wọn, wọ́n sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó balẹ̀.

Bí ènìyàn bá fà wọ́n símú, díẹ̀ nínú wọn yóò bá ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn yóò wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ara ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí iṣẹ́ wọn ni láti gbé ìdọ̀tí mì. Nígbà tí fọ́nrán bá gùn ju sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè gbé e mì tán. Ńṣe ni ó máa ń há a lọ́nà. Ibẹ̀ ni ìwúlé àti egbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún á máa gorí ọdún, fọ́nrán náà kò ní jẹrà, ara kò ní yé bá a jà, ìjà yìí náà ni ó sì ń ba àwọn ohun tí ó ń darí ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì jẹ́ títí àrùn jẹjẹrẹ yóò fi ṣẹ̀.

Àrùn mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni asbestosis, èyí tí ó ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle bí ojú àpá, tí kò fi ní lè mí dáadáa mọ́. Eruku púpọ̀ fún ọdún púpọ̀ ni ó sábà máa ń fa èyí. Èkejì ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i gidigidi bí ẹni náà bá tún ń mu sìgá. Ẹ̀kẹta ni mesothelioma, jẹjẹrẹ tí ó ń mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró tàbí èyí tí ó bo inú ikùn. Sìgá kò ní ọwọ́ nínú mesothelioma. Asbestos ni olórí ohun tí ó ń fà á, kò sì tíì sí ìwòsàn tí ó ń mú un kúrò pátápátá. Àjọ àgbáyé tí ó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé asbestos ń fa jẹjẹrẹ gògóńgò àti ti ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni àkókò. Láàrin ìgbà tí ènìyàn fa eruku náà símú àti ìgbà tí mesothelioma yọjú, ó sábà máa ń tó ogún ọdún sí àádọ́ta ọdún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Armley: Eré Ọmọdé Di Àrùn Àgbà

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àrùn àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ka èyí sí. Ní 1924 ni Nellie Kershaw, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ asbestos ní Rochdale, kú ní ẹni ọdún 33, ikú rẹ̀ sì wọ inú ìwé àwọn oníṣègùn. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1931 láti dín eruku kù, àwọn tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ ni ó dáàbò bò. Kò sí ẹni tí ó ronú kan ọmọ tí ń ṣeré lẹ́yìn ògiri.

Ilé-iṣẹ́ J. W. Roberts ní Armley ń fi asbestos aláwọ̀ búlúù ṣe ọjà. Ní 1920, ó di ara ilé-iṣẹ́ ńlá Turner & Newall, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òpin àwọn ọdún 1950. Àárín ilé àwọn ènìyàn ni ó wà, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà nítòsí rẹ̀. Eruku tí ẹ̀rọ ń fẹ́ jáde ń balẹ̀ sí ojú òpópónà, sí ẹnu fèrèsé àti sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Àwọn ọmọ a máa kó o jọ, wọn a máa ṣù ú bí wọ́n ti ń ṣù yìnyín, wọn a sì máa sọ ọ́ lu ara wọn. Wọn a tún máa fò lórí àwọn àpò tí wọ́n kó asbestos sí. Kò sí òbí tí ó bá wọn wí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún òbí pé ewu wà níbẹ̀.

Ní 1960, ìwádìí àwọn oníṣègùn mẹ́ta, Wagner, Sleggs àti Marchand, jáde láti ilẹ̀ South Africa. Wọ́n ṣàpèjúwe ènìyàn 33 tí mesothelioma mú, púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ nínú kòtò asbestos rí. Ńṣe ni wọ́n gbé nítòsí rẹ̀, àwọn mìíràn láti ìgbà èwe. Ìgbà náà ni ó hàn sí ayé pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ni eruku yìí ń pa.

June Hancock, tí wọ́n bí ní 1936, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Armley. Kò ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà rí. Ní 1982, mesothelioma pa ìyá rẹ̀. Ní 1994, àwọn dókítà sọ fún òun náà pé àrùn kan náà ni ó ń ṣe é. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ó sì jàre ní oṣù kẹwàá 1995. Adájọ́ Holland sọ pé ó yẹ kí àwọn onílé-iṣẹ́ náà ti mọ̀ láti 1933 pé eruku tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè pa àwọn tí ó wà ní ẹ̀yìn ògiri wọn lára. Ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò jàre níbẹ̀ ní 1996. June Hancock kú ní 1997. Ọ̀pọ̀ ọdún ni eruku náà ti wà nínú ara rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ.

Ìdí tí Ewu Ọmọdé Fi Pọ̀ Ju ti Àgbà Lọ

Olùkọ́ lè béèrè pé: ṣé ara ọmọdé ni ó rọ̀ jù ni, tàbí ohun mìíràn ni? Ní 2013, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ohun tí ń fa jẹjẹrẹ gbé ìdáhùn jáde. Wọ́n ní bí ọmọ ọdún 5 àti ẹni ọdún 25 bá fa ìwọ̀n eruku kan náà símú, ó ṣeé ṣe kí mesothelioma mú ọmọ náà láàrin ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ìlọ́po 3.5 ju ti àgbà náà lọ. Bí a bá fi ọmọ náà wé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ìyàtọ̀ náà tó ìlọ́po 5.

Ìgbìmọ̀ náà kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ara ọmọdé fúnra rẹ̀ kò lágbára tó láti kojú fọ́nrán náà. Ọdún tí ó kù fún ọmọ láti lò láyé ni olórí ìdí. Ewu mesothelioma kì í pọ̀ sí i ní ẹsẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọdún. Bí ọdún tí fọ́nrán ti wà nínú ara bá di ìlọ́po méjì, ewu náà lè di ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fà á símú ní ẹni àádọ́ta ọdún lè ti kú ikú mìíràn kí àrùn náà tó yọjú. Ọmọ ọdún 5 ní àádọ́rin ọdún níwájú rẹ̀ kí ó tó di ẹni ọdún 75. Ẹ̀mí gígùn tí a ń gbàdúrà fún ọmọ náà gan-an ni ó fún àrùn náà láyè.

Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ewu náà ń tẹ̀lé ìwọ̀n eruku. Ọmọ tí síílìn kan fọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ọmọ Armley tí ń ṣeré nínú eruku lójoojúmọ́. Ewu tirẹ̀ kéré púpọ̀. Síbẹ̀, kò sí ìwọ̀n kan tí a lè tọ́ka sí pé kò léwu rárá.

Ọ̀rọ̀ Ilé-ẹ̀kọ́

Ẹjọ́ mìíràn fi hàn pé kò dìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá wà nítòsí. Dianne Willmore jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè Knowsley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970. Asbestos wà lára síílìn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mesothelioma mú un, ó sì kú ní 2009. Ní 2011, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ilẹ̀ náà fi ọwọ́ sí i pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò san owó ìtanràn fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de asbestos búlúù àti aláwọ̀ ilẹ̀ ní 1985, ó sì fòfin de èyí tí ó kù ní 1999. Ṣùgbọ́n òfin kò ká síílìn tí ó wà lókè tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni ó ṣì ní in, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń jókòó lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí òrùlé tàbí síílìn rẹ̀ ti gbó, tí a kò sì mọ ohun tí a fi ṣe é, ó bọ́gbọ́n mu láti ṣe bí ẹni pé asbestos wà nínú rẹ̀. Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kò ná owó púpọ̀:

(i) Kí olùkọ́ má ṣe kan ìṣó mọ́ síílìn, kí ó má sì fi ohunkóhun kọ́ sára rẹ̀.

(ii) Bí apá kan bá já wálẹ̀, kí ó kó àwọn ọmọ jáde, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì fi tó ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ létí ní kíkọ sílẹ̀.

(iii) Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá eruku náà ní gbígbẹ, nítorí ìgbálẹ̀ ni yóò gbé e sínú afẹ́fẹ́. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi rin ín, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nù ún. Àgbàlagbà ni kí ó ṣe é, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń jẹ níyà.

(iv) Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi àfọ́kù rẹ̀ ṣeré, kí a má sì ṣe fọ́ ọ tàbí kó o dà sí ẹ̀yìnkùlé.

(v) Ìgbà ìsinmi, tí ọmọ kò sí nílé-ẹ̀kọ́, ni kí wọ́n máa tún òrùlé ṣe.

(vi) Kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti yẹra fún sìgá, nítorí sìgá àti asbestos jùmọ̀ ń sọ ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró di púpọ̀.

Kò sí àǹfààní nínú kí a sáré gbé ọmọ lọ ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ní ọjọ́ kejì tí síílìn já. Àwòrán náà kò lè fi ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ hàn. Ohun tí ó wúlò ni àkọsílẹ̀: ọjọ́ wo ni, yàrá wo ni, àwọn ọmọ wo ni ó wà níbẹ̀. Dókítà tí yóò tọ́jú ọmọ náà ní ogójì ọdún sí i lè má rí ẹlòmíràn bi.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé inú àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé eruku asbestos kì í pa ọmọdé ní kíá. Ó máa ń dúró de ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ Armley kò mọ̀, òbí wọn kò mọ̀, àwọn tí ó sì yẹ kí ó mọ̀ kò sọ. Olùkọ́ tí ó bá mọ̀ lónìí kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọmọ tí olùkọ́ bá kó jáde kúrò nínú yàrá eléruku lónìí lè má mọ̀ láéláé pé ẹnì kan gba òun là. Bí ó bá di ẹni àádọ́rin ọdún tí ó sì ń mí fàlàlà, iṣẹ́ olùkọ́ náà ti pé.