Òjò Kọ́ Ló Ń Mú Iwájú Orí Pá

Bí òjò bá ti dá wa mọ́lé ní Èkó, tí aṣọ tí a sá ò gbẹ fún ọjọ́ méjì, ẹjọ́ irun ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń rò. Wọ́n ní òjò ló ń fà á tu. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ yọ fọ́nrán kan nínú òòyà tí ẹ fi yarun láàárọ̀, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí kóró funfun tíntìntín ní ìdí rẹ̀, láti gbòǹgbò ló ti bọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ó já ni.

Èyí tó bọ́ kì í sábà ṣe àìsàn. Nínú nǹkan bí 100,000 fọ́nrán tó wà lórí èèyàn, 50 sí 100 ló ń bọ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó tú irun tó ti dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó wá rí ìdì irun lọ́wọ́, kó fọkàn balẹ̀: ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti bọ́, dídì ni kò jẹ́ kí wọ́n jábọ́. Lẹ́yìn ìbímọ tàbí ibà líle, ó lè bọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní bí oṣù mẹ́ta, á sì sábà hù padà.

Èyí tó ń já ni ọ̀rinrin lọ́wọ́ sí. Irun a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, á sì gùn díẹ̀ sí i. Ní ọdún 1783, Horace-Bénédict de Saussure, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Geneva, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Fọ́nrán irun èèyàn ló fi ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Omi ń tú àwọn ìdè kéékèèké inú irun. Ìdí nìyẹn tí irun tí wọ́n fi òòyà gbígbóná nà nílé fi máa ń ká kó kí èèyàn tó dé Ojúẹlẹ́gba. Irun tó rin ń fà, kò sì lágbára, pàápàá irun tiwa tó ká, tó ń tètè já níbi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. A ó fọ irun ọmọdébìnrin, kò tíì gbẹ, a ó gbé e jókòó síwájú onídìrí. Wọ́n á fà á títí ojú ọmọ á fi le, èélá wẹ́wẹ́ á yọ lẹ́bàá iwájú orí, wọ́n á ní, "Má mira, ó máa dẹ̀ tó bá dọ̀la." Kì í ṣe ẹwà, ọgbẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń fà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ihò irun á di àpá, irun ò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Òwú tí a fi ń kó irun dára, ó ń nà án láìlo iná, àmọ́ bí a bá fún un jù, ìyà kan náà ni.

Orí tó rin lábẹ́ wíìgì tún ní wàhálà tirẹ̀. Olú kan tó ń gbé lórí gbogbo wa, Malassezia, fẹ́ràn ooru àti òróró. Òun ló wà nídìí orí yíyún àti ìpẹ́ funfun tó ń bọ́ séjìká. Nítorí náà, ara fọ́nrán ni kí ẹ fi òrí tàbí àdí àgbọn pa, kì í ṣe awọ orí. Làpálàpá orí ọmọdé ní tirẹ̀ ń fẹ́ oògùn mímu láti ọwọ́ dókítà, torí ìpara kì í dé gbòǹgbò.

Ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó fa omi irun, ẹ má fi aṣọ ìnura bó o. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dé ìdí kí ẹ tó dì í. Bí ọmọ bá sì ní ó ń dun òun, ẹ ní kí onídìrí tú u, kó tún un dì.