Langston Hughes: akéwì tó gbé eré sínú àpótí

Nígbà tí a bá dárúkọ Langston Hughes, ewì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Àwa olùkọ́ ni a fà á: a óò ka ewì rẹ̀ kan fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, a óò sọ pé Senghor àti Césaire kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀, a óò sì pa ìwé dé. Bẹ́ẹ̀, láti 1935 títí di 1963, ọkùnrin yìí kò fi orí ìtàgé sílẹ̀. Ó kọ eré, ó kọ ọ̀rọ̀ orin fún eré àwọn ẹlòmíràn, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀. Apá yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni mo rò pé ó kan àwọn ọ̀dọ́ wa jù.

Ìlú Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bàbá rẹ̀ kó lọ sí Mẹ́síkò, ìyá rẹ̀ ń wá iṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ìyá àgbà rẹ̀, Mary Langston, ló tọ́ ọ dàgbà ní Lawrence, ní Kansas. Ọkọ àkọ́kọ́ ìyá àgbà yìí wà lára àwọn tó tẹ̀ lé John Brown lọ sí Harpers Ferry ní 1859 láti gbé ogun ti oko ẹrú, ogun náà ló sì pa á. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ń gbọ́ nínú ilé.

Ní 1935, eré rẹ̀ Mulatto dé Broadway, ní New York. Òyìnbó olóko kan ní Georgia bí ọmọkùnrin kan fún obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ilé rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ kí bàbá pe òun lọ́mọ ní gbangba, bàbá kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ikú fún àwọn méjèèjì. Ìgbà 373 ni wọ́n ṣe é. Kò sí eré òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú mìíràn tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ títí A Raisin in the Sun ti Lorraine Hansberry fi dé ní 1959. Inú ewì Hughes gan-an sì ni Hansberry ti mú orúkọ eré tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ Hughes kò kún. Ẹni tó náwó sí eré náà ti yí i padà, ó ti fi ìran ìfipábánilòpọ̀ kan tí Hughes kò kọ sínú rẹ̀ kí èrò lè pọ̀. Owó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé pàápàá di ọ̀rọ̀ ìjà.

Kí ni kí ẹni tí wọ́n ṣe báyìí ṣe? Hughes padà sí Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1938, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Harlem Suitcase Theatre, nítorí pé ohun èlò wọn kò ju ohun tí àpótí ìrìnàjò kan lè gbà. Kò sí aṣọ ìkélé, kò sí ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye. Eré àkọ́kọ́ wọn, Don't You Want to Be Free?, so ewì, orin ìsìn àwọn ẹrú àti orin blues pọ̀ mọ́ ìtàn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe é ju ìgbà 100 lọ.

Ọgbọ́n yìí kan náà ló gbé e padà sí Broadway. Kurt Weill, olórin Júù tó sá fún Hitler ní Jámánì, àti Elmer Rice pè é kó wá kọ ọ̀rọ̀ orin fún Street Scene, eré olórin tó dé Broadway ní 1947, nípa àwọn òtòṣì tó ń gbé ilé kan náà ní New York. Owó tó rí níbẹ̀ wà lára ohun tó fi ní ilé ní òpópónà 127 ní Harlem, níbi tó gbé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní 1949, òun àti William Grant Still gbé Troubled Island jáde, eré olórin nípa Dessalines ti Haiti, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ẹrú láti etíkun wa níhìn-ín dé.

Ní oṣù Kejìlá 1961, Black Nativity bẹ̀rẹ̀: ìtàn ìbí Jésù, tí a fi orin gospel kọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, oníjó olókìkí méjì fi eré náà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ "Black" tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà kò yí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, eré náà dé Ítálì àti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà sì ń ṣe é lọ́dún Kérésìmesì títí di òní. Oṣù Kejìlá 1961 yẹn kan náà ni Hughes wà ní Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà. Ní 1966, ó dé Dakar fún àjọ̀dún ńlá tí Senghor pè. Ó kú ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, 1967. Abẹ́ ilẹ̀ ilé ìkàwé Schomburg ní Harlem ni eérú rẹ̀ wà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan bínú sí i nígbà ayé rẹ̀ pé èdè àwọn alágbàṣe àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gbé jáde, pé ó ń dójú tì wọ́n. Kò gbà. Èyí kò yẹ kó ya àwa tí a bí sí ilẹ̀ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń fi orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ bá ìlú wí lẹ́nu. Síbẹ̀, mo rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń kọ eré, tí ọba, ìyálọ́jà àti ìyá àgbà inú rẹ̀ ń sọ Faransé bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. N kò ní kí wọ́n pa Faransé tì. Òun ni mo fi ń jẹun. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìyá àgbà máa sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà. Bí kò bá sí gbọ̀ngàn, àgbàlá wà. Bí kò bá sí owó, àpótí kan tó.