Igi òrí: bí a bá sun ún ní èédú lónìí, kí ni a óò rí tà lọ́la?

Lọ́dọọdún, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, ni èso igi òrí máa ń pọ́n tó sì ń jábọ́. Ní agbègbè Ṣábẹ títí dé Paraku àti lókè lọ́hùn-ún ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, àwọn ìyá wa ló ń jí ní kùtùkùtù lọ ṣà á lóko. Wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́ èèpo kúrò, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi omi pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọ́n ń sè tó ń di òrí.

Òrí tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára náà ni àwọn òyìnbó ń rà láti fi ṣe ìpara àti ṣokoléètì. Láti ọdún 2000, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà kí ọ̀rá tí kì í ṣe ti kòkó wà nínú ṣokoléètì, bí kò bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Òrí wà lára ọ̀rá mẹ́fà tí òfin náà dárúkọ.

Ṣùgbọ́n pákó igi yìí le, ikán kì í tètè jẹ ẹ́. A fi ń gbẹ́ odó àti ọmọ odó, èédú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lórí iná. Ibẹ̀ ni ewu wà. Èédú tí wọ́n fi ń dáná ní Kutọnu àti Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ wa lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Igi òrí tó bá hù fúnra rẹ̀ lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́. Ó lè gbé ilẹ̀ ju 200 ọdún lọ. Ẹni tó bá fi ayùn gé e lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò gba owó èédú. Obìnrin tó ń ṣa èso lábẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún kò ní rí nǹkan kan gbà, nítorí ilẹ̀ kì í sábà jẹ́ tirẹ̀.

Àtúnṣe kò le. Bí a bá ń ṣán oko, ká dá àwọn ọ̀dọ́ igi òrí sí. Ká má gé èyí tó ṣì ń so. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn náà ń so ẹ̀ka igi àgbà mọ́ igi kékeré, èyí tó ń dín ọdún ìdúró kù púpọ̀. Ká sì jẹ́ kí àwọn obìnrin wà níjòókòó nígbà tí ìlú bá ń pinnu igi tí wọ́n lè gé.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká wo ti igi òrí nísinsìnyí, kó tó di pé ọjà la ó ti máa ra òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe fúnra wọn.