Pílásítà Olóògùn Lára Àwọn Àgbà Wa

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan, ẹni ọdún 82, ṣe àpẹẹrẹ. Àrùn jẹjẹrẹ ń bá a jà, ìrora rẹ̀ sì pọ̀. Dókítà fún un ní pílásítà tí ó ní oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní fentanyl nínú, pé kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ibà dé. Òtútù ń mú màmá, ni ọmọ rẹ̀ bá fi ìbora nípọn bò ó, ó sì gbé rọ́bà omi gbígbóná lé e láyà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màmá kò jí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já geere, ó sì ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú ilé ní ogbó ló dé. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Kò sí ẹni tí ó rántí pílásítà tí ó wà lábẹ́ aṣọ.

A kò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ ṣí aṣọ màmá wò pẹ̀lú.

Láti ọdún 1979 ni irú pílásítà yìí ti wà. Èyí àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí nítorí èébì ojú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ti àyà ríro dé, àti ti ìrora, àti rivastigmine, tí ó jáde ní 2007 fún àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń dà láàmú. Oògùn inú rẹ̀ kì í gba ikùn kọjá. Ńṣe ni ó ń wọ inú awọ lọ díẹ̀díẹ̀, tí yóò kó ara jọ sábẹ́ awọ, kí ẹ̀jẹ̀ tó máa gbé e lọ káàkiri.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé awọ arúgbó ti fẹ́lẹ́, oògùn yóò máa ya wọlé bí omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele òkè pátápátá nínú awọ, èyí tí í ṣe ọgbà ara, ṣì dúró, ó kàn gbẹ, ọ̀rá rẹ̀ sì dín kù ni. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1989 fi hàn pé oògùn tí ó bá ọ̀rá rẹ́ ń gba awọ àgbà kọjá bí ó ti ń gba ti ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó fẹ́ràn omi ni kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀. Fentanyl sì bá ọ̀rá rẹ́ gidigidi.

Níbo wá ni ewu wà? Inú ilé ni, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí ń gbá oògùn kúrò nínú ara ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Èyí tí ó wọlé lánàá kò tíì jáde tán tí ti òní fi dé, ọpọlọ àgbà sì tètè máa ń gba oògùn oorun àti ti ìrora sára ju ti ọ̀dọ́ lọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ bọ́ pílásítà fentanyl kúrò, èyí tí ó ti kó jọ sábẹ́ awọ yóò ṣì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè tó nǹkan bí ọjọ́ kan kí ìlàjì rẹ̀ tó kúrò, ti àgbà sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe bọ́ ọ tán kí ẹ ní kí màmá sùn kí ó fi dá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ bọ́ ọ.

Ooru ni ó ba ti màmá jẹ́. Bí ara bá gbóná dé ìwọ̀n 40, fentanyl inú ẹ̀jẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Ibà nìkan ti tó, ká má ì tíì sọ ti rọ́bà omi gbígbóná! A mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn ká fi aṣọ gbígbóná jó ara fún àgbà. Ẹni tí ó bá lẹ pílásítà yìí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ó sinmi lórí ìyẹn. Bí ibà bá mú un, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Ti rivastigmine tún yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tí ń gbàgbé ni wọ́n sì ń fún. Ta ni yóò wá rántí? Àwọn kan ti lẹ tuntun láì bọ́ ti àná, títí méjì, mẹ́ta fi wà lẹ́yìn bàbá, tí èébì fi bẹ̀rẹ̀, tí ọkàn sì ń lù fà-fà. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé máa mójú tó o, kí ó sì máa sàmì sí kàlẹ́ńdà. Ojú kan náà kò gbọdọ̀ padà gba òmíràn títí ọjọ́ 14 yóò fi pé. Ẹ má ṣe fi òrí tàbí ìpara pa ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí yóò ṣí. Bí ẹ bá sì ń bọ́ ọ, ẹ rọra, awọ àgbà tètè ń bó.

Èyí tí ẹ bọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ po kí ojú tí ó ń lẹ̀ wà nínú, kí ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ-ọmọ. Oògùn ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Fentanyl tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ti pa ọmọdé rí.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London àti Amẹ́ríkà a máa fi irú nǹkan báyìí ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ìfẹ́. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ màmá tàbí bàbá lára, ẹ mú páálí rẹ̀ lọ bá dókítà tí ń tọ́jú wọn, pẹ̀lú gbogbo oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò, àti àgbo pẹ̀lú.