Ṣé o mọ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni Saka padà sórí pápá

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù Arsenal tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fi iṣan ẹ̀yìn itan ṣèṣe nígbà tí wọ́n ń bá Crystal Palace gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí ó tó padà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ní ìṣẹ́jú 66 ni wọ́n tó fi í rọ́pò ẹlòmíràn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Fulham. Láàárín ìṣẹ́jú méje, ó ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n! Ọjọ́ 8 oṣù náà ni ó tó wà lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n pàdé Real Madrid.

Ìlànà pípadà díẹ̀díẹ̀ yìí wúlò fún eléré tó bá ṣèṣe ní ìlú bíi Araromi-Obu náà: ìrìn ṣáájú eré sísá, eré sísá tààrà ṣáájú yíyí bìrí. Bí ẹsẹ̀ bá wú lọ́jọ́ kejì, kí ó dín eré náà kù.