Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Kò sí ìyàwó ilé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò lọ sùn lálẹ́ láìti ìlẹ̀kùn. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lóde òní tí ó máa ń wà ní ṣíṣí sílẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìlẹ̀kùn náà ni ti router, ẹ̀rọ kékeré tí ń pín Wi-Fi káàkiri ilé.

Ojú mi ti rí i. Ní oṣù kan, dátà tí ó yẹ kí ó bá wa dé ìparí oṣù tán láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo bá àwọn ọmọ wí; mo sì sọ fún baálé mi pé bọ́ọ̀lù tí ó ń wò ni ó jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí mo wọ ojú ìwé ìṣètò ẹ̀rọ náà ni mo rí i pé fóònù mọ́kànlá ni ó so mọ́ ọn, mẹ́rin péré sì ni tiwa. Ọmọ mi ni ó sọ ọ̀rọ̀ aṣínà wa, èyí tí a ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà sì sọ fún àwọn ará ilé tirẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ baálé mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni router ní. Èkíní ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí fóònù fi ń gba Wi-Fi. Èkejì ni èyí tí a fi ń wọ ojú ìwé ìṣètò, níbi tí a ti lè yí ohun gbogbo padà. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kejì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni onílé. Lára ọ̀pọ̀ router, “admin” lásán ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fi ṣe kọ́kọ́rọ́ yìí, gbogbo ayé ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2016, irú ọ̀rọ̀ aṣínà tí a kò pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Mirai fi gba ọ̀kẹ́ àìmọye router àti kámẹ́rà káàkiri ayé.

Báyìí ni ẹ ó ti ṣe é. Ẹ yí ìdí router sókè. Ẹ ó rí bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn, tí a kọ àdírẹ́sì, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà sí. Àdírẹ́sì náà sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, ti ọ̀pọ̀ Huawei tí ń lo káàdì SIM jẹ́ 192.168.8.1. Ẹ so fóònù yín mọ́ Wi-Fi ilé, kí ẹ sì pa dátà ti fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí Chrome, kí ẹ tẹ àwọn nọ́ńbà náà sí ìlà òkè, níbi tí àdírẹ́sì máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ ti wọlé.

Kọ́kọ́rọ́ kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ tó pààrọ̀ ti Wi-Fi. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 fún ààbò. Gbogbo fóònù ni yóò já. Ẹ̀yin ni ẹ ó yan èyí tí yóò padà wọlé. Bí router yín bá ní ààyè “Guest”, ibẹ̀ ni kí ẹ fi àwọn àlejò sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun sílẹ̀, kí ẹ fi í pamọ́ síbi tí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà.

Ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹni tí ń ṣọ́ owó oúnjẹ ni ó yẹ kí ó ṣọ́ owó dátà pẹ̀lú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.