Egbòogi Fòníkú-Fọ̀ladìde: Bó Ṣe Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Lórí àtẹ lékulẹ́jà ní ọjà Owódé, Ọ̀fà, èèyàn lè ra iyèré, kànáfùrù, osùn àti pòròpórò ọkà bàbà láìjìnnà síra. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló wà nínú egbòogi tí Ẹni-Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá, ń lò fún àwọn tí fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra.

Lẹ́yìn ọdún 1990, egbòogi náà dé NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ti jẹ́ ọ̀gá nígbà náà. Wọn ò fojú àgbo lásán wò ó. Wọ́n bá Ogunyale tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sọ egbòogi náà ní Niprisan, wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn 82. Bí àwọn kan ṣe ń lo ojúlówó, ayédèrú ni àwọn yòókù ń lò, títí wọ́n fi pààrọ̀ fún ara wọn. Aláìsàn ò mọ èyí tó kan òun, bẹ́ẹ̀ ni dókítà. Ọdún 2001 ni àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Phytomedicine: ìrora tó máa ń dá wọn wó dín kù.

Owó tí wọn yóò fi po oògùn náà ló kù. Xechem, ilé iṣẹ́ kan ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, ló gba àṣẹ rẹ̀. Ní 2003, Amẹ́ríkà kà á mọ́ oògùn àìsàn tó ṣọ̀wọ́n. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́: gbogbo àwọn tó ní in níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 100,000 lọ. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Ọmọ bí 150,000 ni àjọ WHO ní à ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún! Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn tí àìsàn náà ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn ni àṣẹ oògùn náà wà.

Ní 2006 oògùn náà dé ìgboro pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008 gbèsè gbé Xechem dé ilé ẹjọ́, kò sì pẹ́ tí Nicosan fi di àwátì. Inú máa ń bí mi sí i: ìmọ̀ jẹ́ tiwa, aláìsàn jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n a ò na owó tó lè mú un dúró sílé.

Ní 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, tó ń tún àbùdá ẹ̀jẹ̀ ṣe. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e fún ẹnì kan nígbà náà. Oògùn fólíìkì àti Paludrine tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ ìyá níbí ń rà fún ọmọ wọn.

Oògùn kan ṣì wà tí agbára wa ká: hydroxyurea. Wọ́n dán an wò fún àwọn ọmọdé ní Kánò àti Kàdúná kí àrùn rọpárọsẹ̀ má baà mú wọn, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2022. Ilé iṣẹ́ Bond Chemical ní Awẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, ló po èyí tí wọ́n lò. Wákàtí díẹ̀ ni mọ́tò ń fi ti Awẹ́ dé Ọ̀fà. Owó ìjọba ló yẹ kó gbé e dé ọwọ́ àwọn ọmọ náà.